Ó Wá Ibi Tó Ń Jò Kó Tó Rọ Gáàsì

Ọdún 1991 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tí mo ń wà. Bàbá mi ló rà á, òun náà ni wọ́n fi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, nígbà tí wọ́n sì papò dà, èmi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún geere, ara rẹ̀ kò dípẹtà. AC rẹ̀ nìkan ló sọ mí di ẹni tó ń wo ojú ọ̀run kó tó jáde nílé. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, inú ọkọ̀ náà á gbóná bí ààrò, bí mo bá sì tan AC, atẹ́gùn tó ń jáde níwájú mi kò yàtọ̀ sí èyí tó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní báyìí, tẹ̀mómítà kékeré tí mo há sí ihò àárín dásíbọ́ọ̀dù ń ka 6°C nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Oṣù mẹ́ta gbáko rèé tí iṣẹ́ náà ti parí. Mo fẹ́ sọ bí àwọn tó ṣe é ṣe ṣe é, àti ibi tí iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wa ọkọ̀ àgbà ló ṣì wà nínú ohun tí èmi ti jáde kúrò nínú rẹ̀ yìí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ síbòmíràn láàárín ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo gbọ́: "Gáàsì ló tán, mà." Ẹni náà á gbé sílíńdà wá, á so rọ́bà rẹ̀ mọ́ páìpù, á máa rọ gáàsì sí i títí atẹ́gùn á fi tutù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó parí. Ìgbà kìíní, òtútù náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà kẹta, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Gáàsì AC kì í ṣe pẹtiróòlù tí ẹ́ńjìnì ń jó. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yípo, ohun tó bá wà níbẹ̀ lónìí ló yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Síìlì kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì náà yípo, àti ara rọ́bà lè jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ sá jáde bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n èyí tó bá tán láàárín oṣù kan, ó ń jò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gáàsì ti tán, ẹ bi í léèrè ibi tó gbà lọ.

Ọ̀gá tí mo wá bá lẹ́yìn náà kò wo apá ibi tí sílíńdà wà. Ó fa àga fún mi, ó ní kí n sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtútù rẹ̀ kú ni, àbí díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹlẹ̀? Ṣé ó máa ń tutù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, kó wá gbóná nígbà tó bá dúró? Ṣé ó máa ń tutù láàárọ̀, kó wá kú lọ́sàn-án? Ta ló ti fọwọ́ kàn án, kí ni wọ́n sì rọ sí i? Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí ti àárọ̀ àti ọ̀sán yẹn, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àkísà nu ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin iwájú, tí eruku àti epo ti bò mọ́lẹ̀, ó sì pè mí kí n wá kà á. R12, 900 gíráàmù: irú gáàsì tí AC náà ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ni ìwé yẹn ti wà níbẹ̀, mi ò kà á rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bí ọ̀gá náà ṣe rò lọ, nítorí jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọdún kì í yípo kí n má bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ozone, gáàsì ojú ọ̀run tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gáàsì ìdílé CFC, tí R12 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, máa ń gòkè lọ jìnnà sójú ọ̀run kí ìtànṣán oòrùn tó tú wọn ká, pé chlorine tó bá já kúrò lára wọn lọ́hùn-ún ni yóò sì máa run ozone tó ń dáàbò bò wá. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal ní Kánádà láti dín ṣíṣe wọn kù, èyí tí wọ́n padà sọ di pé kí wọ́n má ṣe wọ́n mọ́ rárá. Ní 1995, Molina, Rowland àti Paul Crutzen jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì. Mo ti kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sójú pátákó lọ́pọ̀ ìgbà. Pé ọ̀kan lára àwọn gáàsì náà ni ọkọ̀ bàbá mi fi ń tutù nígbà tó jẹ́ tuntun, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo ti gbọ́ ọ.

Láàárín 1992 sí 1994 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi R12 sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sórí R134a, tí kò ní chlorine nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí á kàn rọ R134a sí ibi tí R12 wà tẹ́lẹ̀ kó parí. Epo tó ń mú kọ̀mpírẹ́sọ̀ yọ̀, inú gáàsì ló ti ń bá a rìn yípo. Epo mineral tí wọ́n ń lò pẹ̀lú R12 kì í pò mọ́ R134a. Gáàsì tuntun á máa lọ, epo àtijọ́ á jókòó sí ìsàlẹ̀ kọ̀ńdẹ́nsà, ibi tí gáàsì ti ń tú ooru dànù, àti inú evaporator, ibi tó ti ń mú atẹ́gùn tutù, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á sì máa fi gbígbẹ yí títí irin á fi máa họ irin. Epo PAG tàbí ester ló bá R134a mu. Ẹni tó rọ gáàsì fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, R134a ló rọ, kò sì yí ẹ̀kán epo kan padà. Àyà mi já. Mo bi ọ̀gá náà bóyá kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n tú u wò ná." Gbólóhùn yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ń fọwọ́ kan AC yẹn tẹ́lẹ̀ ló ti mọ̀ kó tó wò.

Mo tún bi í ní ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń bèèrè: ṣé kò lè rọ àwọn gáàsì kan tí wọ́n ń pò láti ara propane àti butane, tí wọ́n ní kò nílò kí á yí nǹkan kan padà? Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òtútù rẹ̀ dára, òun kò jiyàn, ṣùgbọ́n ìran gáàsì ìdáná ni. Ẹ̀yìn dásíbọ́ọ̀dù ni evaporator wà, níwájú ibi tí èèyàn jókòó sí gan-an. Bó bá jò síbẹ̀, tí ẹnì kan sì ṣáná, kò sí ohun tí a fẹ́ sọ. Ó ní wọn kò ṣe AC ọkọ̀ yìí láti gbé ohun tó lè gbiná. Mi ò tún bèèrè mọ́.

Ó so géèjì rẹ̀ mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ méjèèjì wà lórí òdo. Bí R134a bá wà nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí gbogbo ara rẹ̀ wà ní 30°C, ó yẹ kí géèjì ka nǹkan bí 97 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá). Tèmi ṣófo pátápátá, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀. Kò rọ gáàsì láti fi wá ojú ibi tó ń jò. Nitrogen ló lò, ó sì ṣàlàyé ìdí: ó gbẹ táútáú, kì í jó, bó bá sì sá lọ, kò ba nǹkan kan jẹ́ lójú ọ̀run. Ó ní kì í ṣe irú afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, nítorí ọ̀rinrin kún inú ìyẹn. Ó gbé nitrogen náà dé 150 psi, ó kọ aago àti nọ́ńbà sára gíláàsì iwájú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun omi ọṣẹ sí gbogbo ìdè.

Mo dúró tì í. Ibi àkọ́kọ́, ojú ìdè tí rọ́bà ti wọ kọ̀ńdẹ́nsà: ìfófòó kéékèèké ń yọ, wọ́n ń tò léra wọn bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. O-ring, rọ́bà róbótó tó ń dí ojú ìdè náà, ti gan, ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó yọ ọ́. Ibi kejì, fáàfù tín-ín-rín tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì, irú èyí tó wà lẹ́nu táyà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń rọ gáàsì ń so rọ́bà rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ náà ló ń gbà sá jáde. Ibi kẹta ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ọṣẹ ló fi rí i. Ó rí i pé eruku tó wà ní igun ìsàlẹ̀ kọ̀ńdẹ́nsà dúdú, ó sì lẹ̀, nígbà tí ti ibòmíràn gbẹ. Níbi tí gáàsì bá ń gbà jáde, epo máa ń bá a jáde, eruku á sì lẹ̀ mọ́ epo. Òkúta ojú títì ti gún ibẹ̀ nígbà kan. Wọ́n kun ọṣẹ sí i, ó hó. Ọ̀gá náà yin ọmọ náà níwájú mi, inú mi dùn sí ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tú kọ̀mpírẹ́sọ̀, ó da epo inú rẹ̀ sínú ike funfun, ó gbé e sójú oòrùn. Epo náà ti pọ́n, ó sì dínkù gan-an, ṣùgbọ́n kò sí èérún irin kankan tó ń kọ mànà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá àárín rẹ̀, ó yí wọ́ọ́rọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun rí èérún irin ni, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun nìkan kò ní tó, nítorí èérún náà á ti rìn dé gbogbo ibi, á sì pa èyí tuntun náà. Ká ní ó fẹ́ kówó jẹ ni, ọjọ́ yẹn ló rọrùn fún un jù láti sọ pé kí n ra òmíràn. Èmi ti gbára dì fún un. Ó ní èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ìgbà yẹn ló padà sórí ìlà tó fà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àárọ̀ àti ọ̀sán. Iwájú kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni awo irin kan wà. Bí a bá tan AC, òòfà oníná á fa awo yẹn mọ́ púlì tí bẹ́líìtì ń yí, ìgbà yẹn ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àlàfo àárín awo àti púlì kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ. Tèmi ti jẹ, ó ti fẹ̀ ju mílímítà kan lọ. Láàárọ̀ tí gbogbo nǹkan tutù, òòfà náà lágbára tó láti fà á. Bí wáyà inú rẹ̀ bá ti gbóná lọ́sàn-án, iná tó ń gbà á kọjá á dínkù, agbára òòfà á rọ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó awo náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí AC mi fi ń jí láàárọ̀ tó sì ń kú lọ́sàn-án, àní láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ó yọ wáṣà pẹlẹbẹ kan kúrò lẹ́yìn awo, ó fi irin ìwọ̀n wọn àlàfo náà ní ojú mẹ́ta yíká: 0.4 mílímítà. Kò ra nǹkan kan fún èyí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọdún méjì ni mo fi jìyà rẹ̀.

Àwọn ohun tí wọ́n yí padà kò nílò àlàyé púpọ̀. Kọ̀ńdẹ́nsà di tuntun, irú èyí tí páìpù rẹ̀ pẹlẹbẹ tó sì pọ̀, nítorí ìfúnpá R134a máa ń ga ju ti R12 lọ nígbà tí oòrùn bá mú, ó sì nílò ohun tó ń tú ooru dànù kíákíá. Gbogbo O-ring di aláwọ̀ ewé, irú tó bá gáàsì àti epo tuntun mu. Rọ́bà ńlá méjèèjì di irú èyí tó ní ìbòrí nínú, nítorí R134a tún máa ń yọ́ gba ara rọ́bà àtijọ́ kọjá. Wọ́n fi omi ìfọ̀ fọ inú evaporator àti àwọn páìpù títí ohun tó ń jáde fi mọ́, wọ́n fi nitrogen fẹ́ ẹ gbẹ. Expansion valve tuntun, ibi tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá, fáànù oníná níwájú kọ̀ńdẹ́nsà. Dryer tuntun pẹ̀lú, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu ló wà nínú rẹ̀, bó bá sì ti wà ní ṣíṣí sí afẹ́fẹ́, omi á kún un. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà fi ayùn la ti àtijọ́ sí méjì kí n lè rí i. Àwọn hóró inú rẹ̀ tó yẹ kó gbẹ bí iyanrìn ti di ẹrẹ̀ pupa.

Lẹ́yìn tí wọ́n tò ó pọ̀, wọ́n tún gbé nitrogen dé 150 psi, wọ́n fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, kí wọ́n tó tún un ṣe, ó ti lọ sí 90 kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, 148 ni mo bá lórí géèjì láàárọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn, ọ̀gá náà ní kí n ṣe sùúrù, òtútù òwúrọ̀ ló jẹ́ kí nitrogen sún kì, kí n padà wò ó nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná bí ti àná. Ní agogo tó bá ti àná mu, abẹ́rẹ́ ti padà sórí 150.

Ibi tí mo ti gbádùn iṣẹ́ wọn jù ni ìgbà tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ máa ń fo èyí, tàbí kí wọ́n tan pọ́ọ̀mpù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n lè sọ pé àwọn ṣe é. Omi tó bá kù nínú páìpù máa ń dá wàhálà méjì sílẹ̀. Ó lè di yìnyín lẹ́nu expansion valve, kí AC máa tutù kó tún máa dákú. Ó sì lè bá gáàsì àti epo ṣe pọ̀ di ásíìdì tí yóò máa jẹ irin láti inú wá. Ẹ kò lè fi àkísà nu omi yẹn, ẹ kò lè dáná sí i. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé lórí òkè gíga, omi máa ń hó kó tó gbóná dé 100°C, nítorí afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúyẹ́ lọ́hùn-ún. Ohun tí pọ́ọ̀mpù yẹn ń ṣe nìyẹn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ jáde títí ìfúnpá inú páìpù fi lọ sílẹ̀ débi pé omi inú rẹ̀ ń hó láìsí iná, ó ń di ooru omi, pọ́ọ̀mpù sì ń fà á dànù. Mo jókòó ti abẹ́rẹ́ géèjì bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ kọjá òdo lọ sí apá kejì, títí ó fi dúró sí 29 inch, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta ni wọ́n fi tan pọ́ọ̀mpù náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti fáàfù, wọ́n pa á, wọ́n sì fi odindi wákàtí kan sílẹ̀ kí wọ́n wò ó bóyá abẹ́rẹ́ á mì. Kò mì.

Gáàsì ni wọ́n rọ kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Orí òṣùwọ̀n ni sílíńdà wà nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́. Ìwé ara ọkọ̀ sọ 900 gíráàmù R12. Bí a bá fi R134a rọ́pò rẹ̀, nǹkan bí ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn ni a ó rọ. Wọ́n rọ 750 gíráàmù. Àpọ̀jù rẹ̀ kì í mú kó tutù sí i, ìfúnpá ló ń gbé sókè tí òtútù á sì dínkù. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹnu àwọn ibi ìrọgáàsì sí ti R134a, èyí tí kò ṣe é so ohun èlò R12 mọ́, wọ́n sì lẹ ìwé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́: irú gáàsì, irú epo, ìwọ̀n, ọjọ́. Ọ̀gá náà ní kí n má yọ ti àtijọ́ dànù. Mi ò bá tiẹ̀ yọ ọ́.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnì. Ìta wà ní 31°C. Géèjì apá kékeré, níbi tí ìfúnpá ti lọ sílẹ̀, ka 32 psi, apá ńlá, níbi tó ti ga, ka 220. Ó ní kí n fọwọ́ kan páìpù tín-ín-rín tó ti kọ̀ńdẹ́nsà wá, ó gbóná. Ó ní kí n fọwọ́ kan páìpù nínípọn tó ń padà sí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ó tutù, omi ń sẹ̀ lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Ṣùgbọ́n tẹ̀mómítà inú ọkọ̀ kò kúrò lórí 13°C.

Ẹlòmíràn ì bá ní kí n máa lọ, nítorí 13 ti dára ju ohun tí mo gbé wá lọ, mi ò sì mọ ìyàtọ̀. Ọ̀gá náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ó di rọ́bà kan mú, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Rọ́bà tó ń gbé omi gbígbóná ẹ́ńjìnì lọ sínú ẹ̀rọ amúnigbóná ni, èyí tí a ń lò nígbà otútù. Fáàfù tó yẹ kó ti omi yẹn pa kò tì í tán. Nítorí náà, bí evaporator bá ti mú atẹ́gùn tutù tán, ẹ̀rọ keji tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tún mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó fi ohun ìfúnpọ̀ fún rọ́bà náà pa. A jọ ń wo tẹ̀mómítà: 13, 11, 9, 7. Ó dúró sórí 6. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n pààrọ̀ fáàfù náà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Kọ̀ńdẹ́nsà àkọ́kọ́ tí wọ́n rà kò bá irin ìdúró rẹ̀ mu, wọ́n ní láti dá a padà. Mo gbà pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí. Ohun tí mi ò gbà ni pé kò sẹ́ni tó pè mí. Ọjọ́ karùn-ún, èmi ni mo pè. Ọjọ́ keje, èmi náà ni. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ gbà. Mo sọ ọ́ lójú ọ̀gá náà, ó sì tọrọ àforíjì láìṣe àwáwí.

Èkejì, wọ́n yọ àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó èrò kí ọwọ́ wọn lè tó expansion valve. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a padà, ó máa ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ bá gorí ojú títì tí kò tẹ́. Ó dá mi lójú pé nọ́ọ̀tì kan ni wọ́n gbàgbé. Ẹni tó wọn àlàfo 0.4 mílímítà kò yẹ kó gbàgbé nọ́ọ̀tì.

Ẹ má sì retí pé ọkọ̀ àgbà á dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ní ọ̀sán gangan, tẹ̀mómítà mi máa ń gòkè dé 10 tàbí 11, nítorí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń rọra yí, atẹ́gùn tó ń gba kọ̀ńdẹ́nsà kọjá kò sì ju ti fáànù lọ. Ọ̀gá náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kó tó gba iṣẹ́ náà. Bí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń sọ̀kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ó tún ní kí n máa tan AC fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kódà bí ojú ọjọ́ bá tutù, kí epo lè máa dé ara síìlì kọ̀mpírẹ́sọ̀, kó má baà gan kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo ń ṣe é ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n bá mi so géèjì mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta ti pé. Ìgbà tí ẹlòmíràn ń rọ ọ́ fún mi, kò pé oṣù méjì rí kó tó kú. Ìta wà ní 30°C lọ́jọ́ náà, apá kékeré ka 32, apá ńlá ka 215. Ọ̀gá náà fi nọ́ńbà náà hàn mí lórí ìwé tó kọ tèkínní sí, ó sì bi mí bóyá ohun kan ṣì wà. Mo sọ ti àpótí tó ń dún. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà wá ní Ọjọ́bọ̀.